Ojú Tí A Gbé Kọ́ sí Ara Ilé: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Máa Ṣọ́?

Àwọn àgbà ní: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Alákàn kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ajá, kò sì ní ọdẹ tí yóò bá a ṣọ́ òru. Ojú rẹ̀ tí ó yọ síta ni ààbò rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọ̀nú, títí dé Kétu àti Ṣábẹ, ń ra ojú mìíràn kún ojú tí Ọlọ́run fún wọn. Wọ́n ń gbé e kọ́ sí ara ilé. Kámẹ́rà ni à ń pè é.

Ojú yìí kì í sùn. Ó ń ríran lóru. Ó ń tọ́jú ohun tí ó bá rí, ó sì lè fi í ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù onílé, bí onílé bá tilẹ̀ wà ní Lómè tàbí ní Paríìsì. Ẹni tí olè ti wọ ilé rẹ̀ rí mọ̀ pé ohun tí ó wúlò ni. A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bú ẹni tí ó rà á.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ń tà á kì í bi ẹni tí ń rà á. Ìbéèrè náà nìyí: bí mo bá ń wá ààbò fún ara mi, ǹjẹ́ ó tọ́ kí n gbé ewu lé ẹlòmíràn lórí? Ìbéèrè yìí tún le sí i bí ilé náà bá jẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé tí ó ní ìsàlẹ̀ tí ó sì ní òkè. Ilé gíga ń fẹ́ kí ènìyàn gùn ún kí a tó lè so nǹkan mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ojú tí ó bá wà lókè ń rí ibi tí ojú ìsàlẹ̀ kò lè rí. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ṣíṣọ́ ilé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Kò sí ìran kan tí kì í ṣọ́ ibùgbé rẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Kétu yóò rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wa mọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn yí ìlú ká, wọ́n sì kọ́ ẹnubodè náà ní onílẹ̀kùn méjì, kí ẹni tí ń wọlé lè kọjá lójú àwọn oníbodè. Ogun Dàhòmì kó Kétu ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n Àkàbà Ìdènà ṣì wà di òní, a sì lè kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Kí ni àwọn oníbodè ń wò? Ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ń ti ìta bọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. A kò fi wọ́n síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ ọbẹ̀ tí ará ìlú ń sè ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Kámẹ́rà ilé náà ní ìtàn tirẹ̀. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú kàn án ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Marie Van Brittan Brown, tí ó ń gbé ní Queens ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni. Àkókò iṣẹ́ rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, Albert Brown, kò bá ara wọn mu, nítorí náà òun nìkan ni ó máa ń wà nílé nígbà mìíràn, àwọn ọlọ́pàá kì í sì í tètè dé bí a bá pè wọ́n. Ní 1966, òun àti ọkọ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba láti gba ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sì gbà á ní 1969. Ihò mẹ́rin ni wọ́n ṣe sí ara ilẹ̀kùn, láti ibi tí ojú ẹni gíga yóò ti hàn títí dé ibi tí ojú ọmọdé yóò ti hàn. Kámẹ́rà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ lẹ́yìn àwọn ihò náà. Obìnrin náà yóò wà nínú yàrá rẹ̀, yóò rí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn nínú tẹlifísọ̀n, yóò bá a sọ̀rọ̀, yóò sì pinnu bóyá kí òun ṣílẹ̀kùn tàbí kí òun pe ìrànlọ́wọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn méjèèjì. Oníbodè Kétu ń wo ẹnubodè ìlú rẹ̀. Obìnrin Queens ń wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ dáàbò bò ni wọ́n kọjú sí. Ibẹ̀ ni òdiwọ̀n wa yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ènìyàn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kàn: ẹni tí ó gun àkàsọ̀ láti kàn án mọ́ ògiri, aládùúgbò tí ó ń gbé lábẹ́ rẹ̀, àti onílé tí ó rà á.

2. Ẹni àkọ́kọ́: ẹni tí ó gun àkàsọ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ààbò ilé, a máa ń gbàgbé ẹni tí ó gbé ojú náà lọ sókè. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Onílé dúró nísàlẹ̀, ó ń nawọ́ sókè, ó ní: "Gbé e dé abẹ́ òrùlé pátápátá, kí ó lè rí ibi gbogbo." Abẹ́ òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sábà máa ń ga tó mítà mẹ́fà. Ẹni tí ó bá já láti ibẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lè kú. Bí kò bá kú, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè kán, kí ó má lè rìn mọ́ láyé.

Ṣé ó tọ́ kí ẹ̀mí ènìyàn sọnù nítorí pé a kò fẹ́ kí tẹlifísọ̀n sọnù? Kò sí ẹni tí yóò dáhùn pé ó tọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rán ọmọ ọlọ́mọ gun àkàsọ̀ tí kò dúró dáadáa ti fi ìṣe rẹ̀ dáhùn pé ó tọ́. Owó iṣẹ́ tí a san kò ra ẹ̀mí òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ojúṣe onílé ni láti rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà létò:

Èkíní, kí a béèrè bóyá a lè ṣe iṣẹ́ náà láti ojú fèrèsé tàbí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, láìgun àkàsọ̀ rárá.

Èkejì, bí a kò bá lè ṣe é láìsí àkàsọ̀, kí a gbé e sórí ilẹ̀ tí ó le tí ó sì tẹ́jú, kì í ṣe sórí iyanrìn tàbí sórí búlọ́ọ̀kù. Bí orí àkàsọ̀ bá kan ògiri ní gíga mítà mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan. Bí ẹsẹ̀ àkàsọ̀ bá sún mọ́ ògiri jù, yóò dà sẹ́yìn. Bí ó bá jìnnà jù, yóò yọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú, kí a sì fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ ohun tí kò lè mì. Ẹni tí ó wà lókè kò gbọdọ̀ na ara rẹ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ àkàsọ̀ láti mú ohun tí ó jìnnà. Kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sún àkàsọ̀, kí ó tún gùn ún.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe di irinṣẹ́ mọ́wọ́ gun òkè. Kí a kó irinṣẹ́ sínú àpò, kí ó fi okùn fà á lẹ́yìn tí ó bá ti dúró dáadáa. Ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ọmọdé, kò gbọdọ̀ máa kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí a wo ibi tí wáyà iná gbà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, wáyà SBEE tàbí ti CEET ní Tógò ń kọjá nítòsí òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àkàsọ̀ onírin tí ó bá kan wáyà bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹni tí ó wà lórí rẹ̀, yóò sì pa ẹni tí ó dì í mú. Kí a pa iná ilé kí a tó lu ògiri, nítorí wáyà lè wà nínú ògiri náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé pípa iná ilé kì í pa iná òpó ìta. Bí wáyà ìta bá sún mọ́ ibi iṣẹ́, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá ibòmíràn fún kámẹ́rà náà.

Ẹ̀kẹfà, kí a má ṣe ṣiṣẹ́ náà nígbà òjò, nígbà ìjì tàbí ní alẹ́.

Ẹni tí ó bá ní òun kò ní àkókò fún gbogbo èyí kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ ààbò. Ìfẹ́ ohun ìní ni ó ní.

3. Ẹni kejì: aládùúgbò

Ẹ̀yìnkùlé ni apá púpọ̀ nínú ìgbé ayé wa ti ń kọjá. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá ti ń dáná, tí a ti ń wẹ ọmọ, tí àgbàlagbà ti ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ gba atẹ́gùn, tí ẹbí ti ń jókòó yanjú ìjà wọn kí ó tó di ariwo. Kò sí ohun búburú nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti ìgboro. Òwe sọ pé ilé ẹni ni a ti ń jẹ òkété onídodo. Ilé ni ibi tí ènìyàn ti lè ṣe bí ó ṣe wù ú láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ìyá àgbà kan tí ó lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

– Ọmọ mi, kí ni ohun dúdú tí o gbé kọ́ sókè yẹn?

– Ìyá, kámẹ́rà ni. Nítorí àwọn olè ni.

– Ó dára. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí ogun olè. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ sí balùwẹ̀ mi.

– Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí ẹni tí ń wò yín.

– Bí kò bá sí ẹni tí ń wò mí, kí ló dé tí ó fi kọjú sí mi?

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò purọ́. Ó lè má jókòó wo ìyá náà láéláé. Síbẹ̀ ìyá náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Láti ọjọ́ tí a ti kàn án mọ́ ògiri, kò lè bọ́ aṣọ rẹ̀ kí ó má kọ́kọ́ gbójú sókè. Ohun kan ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò lè pè ní ewúrẹ́ tàbí owó, ṣùgbọ́n ohun ìní rẹ̀ ni. Ẹni tí ó fẹ́ kí olè má mú nǹkan tirẹ̀ ti mú nǹkan ẹlòmíràn.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà wá ti ń kọ́ irú rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Fèrèsé òkè sì ti ń rí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò láti ìgbà yẹn. Kí ni kámẹ́rà ṣe tí fèrèsé kò ṣe?"

Ìbéèrè rere ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwà wa. Ẹni tí ó bá yọjú ní fèrèsé tí ó sì rí ìyá àgbà nísàlẹ̀ yóò kí i: "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìyá náà yóò gbójú sókè, yóò dáhùn, yóò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Bí ó bá rí ohun tí kò yẹ kí ó rí, yóò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́la, yóò ti gbàgbé. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe kọ́ wa. Kámẹ́rà kò lè ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ó ń wo ènìyàn láìkí i. Kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ojú yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í gbàgbé. Ohun tí ó bá rí, ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè wò ó ní ọ̀la, ní oṣù tí ń bọ̀, nínú ìlú mìíràn. Nítorí náà, fèrèsé àti kámẹ́rà lè wà ní ibì kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹlòmíràn yóò tún sọ pé: "Ẹni tí kò ṣe ibi, kí ni ó ń bẹ̀rù?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò gún régé. Ẹni tí ń wẹ̀ kò jalè, síbẹ̀ ó ń ti ilẹ̀kùn. Tọkọtaya tí ń gba ara wọn nímọ̀ràn kò pa ènìyàn, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe ibi nìkan ni ènìyàn ń bò. Ènìyàn ń bo ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ náà.

Àwọn ilé ẹjọ́ ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ní orílẹ̀-èdè Czech ní 2007, ọkùnrin kan gbé kámẹ́rà kọ́ sí abẹ́ òrùlé ilé rẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn ti ń kọlu ilé náà. Kámẹ́rà náà ń rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń rí ọ̀nà ìta, ó sì ń rí ẹnu ọ̀nà ilé tí ó dojú kọ tirẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n fi kànnàkànnà fọ́ fèrèsé rẹ̀, àwòrán náà sì jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ẹni méjì tí a fura sí. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ àgbà ti Ìparapọ̀ Yúróòpù. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 2014, ilé ẹjọ́ náà sọ pé kámẹ́rà tí ó bá ń wo ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé ẹnì kan mọ́. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn ẹlòmíràn dé bá a níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé kí ọkùnrin náà má ṣọ́ ilé rẹ̀. Wọ́n ní àǹfààní tirẹ̀ náà tó ohun tí a lè gbé yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí ó máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2021, adájọ́ kan dá ẹjọ́ obìnrin kan tí kámẹ́rà aládùúgbò rẹ̀ ń gba àwòrán àti ohùn rẹ̀. Adájọ́ dá obìnrin náà láre. Ó ní gbígba ohùn tilẹ̀ burú ju gbígba àwòrán lọ, nítorí ohùn ń wá láti ibi tí ó jìnnà, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò sì mọ̀ pé etí kan wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ pé ògiri létí. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe. Wọn kò ní kí á lọ ra etí fún ògiri.

4. Ẹni kẹta: onílé àti àwọn ará ilé rẹ̀

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun ìyàlẹ́nu kan. Kámẹ́rà tí a gbé dé abẹ́ òrùlé kì í ṣe onílé fúnra rẹ̀ láǹfààní tó bí ó ti rò. Láti gíga mítà mẹ́fà, fìlà àti àtàrí ni kámẹ́rà ń rí. Kì í rí ojú. Olè wọlé, olè jáde, onílé sì ní àwòrán fìlà lọ́wọ́. Fìlà wo ni yóò gbé lọ fún ọlọ́pàá?

Ibi tí ó dára ni gíga bí mítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta, lókè ẹnu ọ̀nà tàbí lókè ilẹ̀kùn ọgbà. Níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó dúró nílẹ̀ kì í sábà tó o, ó sì ń rí ojú ẹni tí ń bọ̀. Àkàsọ̀ kékeré ti tó láti kàn án. Bí a bá sì tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò ní rí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Fún òkè ilé, ohun tí ó sàn jù ni fèrèsé onírin tí ó dára, iná ìta tí ó mọ́lẹ̀, àti gígé ẹ̀ka igi tí olè lè gùn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.

Ẹ ò rí i? Ibi tí ó dára fún òṣìṣẹ́ ni ó dára fún aládùúgbò, ibẹ̀ náà ni ó sì dára fún onílé. Ìfẹ́ láti rí ibi gbogbo ni ó ń pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára.

Ewu mìíràn tún wà. Ojú tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ gba inú íntánẹ́ẹ̀tì lè di ojú ẹlòmíràn. Kámẹ́rà púpọ̀ ni a ń tà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, bíi 1234 tàbí admin. Ní 2016, àwọn ọ̀daràn kan fi irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kámẹ́rà àti ẹ̀rọ mìíràn káàkiri ayé. Mirai ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n lò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fi agbára àwọn ẹ̀rọ náà dí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà kò fi rí ojú ìwé ńláńlá ṣí fún wákàtí mélòó kan. Àwọn onílé kò mọ̀ pé ojú tí àwọn rà ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá yí ọ̀rọ̀ ìwọlé kámẹ́rà rẹ̀ padà ni ó la ẹnu ògiri sílẹ̀.

Kí á sì má gbàgbé àwọn tí ń gbé nínú ilé náà: ìyàwó, ọmọ, ayálégbé, àti ọmọbìnrin tí ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé. Àwọn kan ń fi kámẹ́rà sí yàrá tí ọmọbìnrin yìí ń sùn, wọ́n ní kí ó má bàa jí nǹkan. Òótọ́ ni pé bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ni ọmọbìnrin náà. Kò ní yàrá mìíràn tí yóò ti yí aṣọ padà. Ohun tí a kò jẹ́ fi sí yàrá ọmọ tí a bí, kí á má fi sí yàrá ọmọ tí ẹlòmíràn bí.

5. Àwòrán kì í ṣe ìdájọ́

Ká sọ pé kámẹ́rà ti rí ẹnì kan lóru. Àwòrán náà ṣókùnkùn díẹ̀. Onílé fi í sórí WhatsApp, ó kọ ọ́ pé: "Olè nìyí, ẹ bá wa mú un." Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan ní òun mọ ẹni tí ó jọ ọ́.

A mọ ohun tí ìbínú ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè ní olè ní ìgboro. Wọn kì í béèrè ẹ̀rí. Bí ó bá wá di ọ̀la tí a rí i pé ọmọkùnrin náà wá kan ilẹ̀kùn ni, nítorí pé ó ń wá ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ni yóò jí i dìde? Àwòrán lè fi hàn pé ẹnì kan wà níbì kan ní wákàtí kan. Kò lè sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọlọ́pàá ni kí á gbé àwòrán lọ fún, lẹ́yìn wọn adájọ́ ni yóò wò ó. Ẹni tí ó bá dà á sí ìgboro ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́, ó sì ti sọ àwọn ẹlòmíràn di apànìyàn.

6. Ohun tí òfin sọ

Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1990 sọ ní ẹsẹ̀ 20 pé ibùgbé ènìyàn kò ṣe é rú. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, sì dáàbò bo ohun gbogbo tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀. Àwòrán ojú wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó o ni APDP. Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019. Nítorí náà, ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ yóò bá máa wo ojú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè ohun tí òfin fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í dúró de òfin kí ó tó ṣe ohun tí ó tọ́. Òfin jìnnà, aládùúgbò wà nítòsí. Òfin lè má dé àdúgbò wa lónìí, ṣùgbọ́n ìyá àgbà yóò wẹ̀ lónìí.

7. Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá fẹ́ fi kámẹ́rà sí ilé yín, ẹ bi ara yín ní àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí òṣìṣẹ́ tó dé.

Kí ni mo fẹ́ dáàbò bò gan-an? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ni, kí kámẹ́rà kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ta ni yóò gùn ún, báwo ni yóò sì ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà?

Kí ni ojú yìí ń rí yàtọ̀ sí ti èmi? Ẹ wo àwòrán rẹ̀ kí a tó dè é pa. Bí apá kan ilé ẹlòmíràn bá wà nínú rẹ̀, ẹ yí i padà. Kámẹ́rà púpọ̀ ní ọ̀nà tí a lè gbà fi dúdú bo apá kan àwòrán, kí ó má gbà á sílẹ̀ rárá. Bí ó bá ń gba ohùn, ẹ pa ohùn náà.

Ọjọ́ mélòó ni àwòrán yóò wà kí ó tó parẹ́? Bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti tó.

Ta ni ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀?

Ìbéèrè ìkẹyìn ni ó tóbi jù: ǹjẹ́ mo ti lọ sọ fún aládùúgbò mi? Ẹ mú un wọ ilé. Ẹ fi àwòrán náà hàn án. Ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ilé òun kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò sì bá yín ṣọ́ ilé nígbà tí ẹ kò bá sí. Iná lè lọ, íntánẹ́ẹ̀tì lè já, eruku ọyẹ́ lè bo ojú kámẹ́rà. Bí ìyá àgbà bá gbọ́ ìró àjèjì lóru, òun ni yóò figbe ta.

Ẹni tí ó bá fi ojú kan lé aládùúgbò rẹ̀ lórí ti ra ojú kan, ó sì ti sọ ojú méjì nù. Ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí: ààbò tí ó gbé ewu lé ẹlòmíràn lórí kò tíì di ààbò. Ẹ jẹ́ kí ojú tí a rà máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, kí á sì fi ojú tí Ọlọ́run fún wa máa kí ara wa.